Ìdí Tí Àwọn Ará Adágún Iyọ̀ Fi Ń Pa Adùn Mọ́ Sínú

Ẹ súnmọ́ ibí, ẹ má jókòó lé ara yín lẹ́sẹ̀. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kí ó tètè lọ dùbúlẹ̀, nítorí ìtàn yìí kéré, àwọn tó wà nínú rẹ̀ tún kéré ju ìtàn náà lọ. Bí ẹ bá ń sùn, ẹ ó tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀.

Nígbà láéláé, ẹja ń bẹ nínú odò, ẹja ń bẹ nínú òkun, ṣùgbọ́n adágún iyọ̀ tó wà lẹ́yìn iyanrìn etí òkun kò ní olùgbé kankan. Omi rẹ̀ mọ́ gaara, ó ń dán nínú oòrùn. Síbẹ̀, kòkòrò tó bá já bọ́ sínú rẹ̀ yóò gbẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú omi ló wà.

Láyé ìgbà náà, ojú kan ni gbogbo àwọn Àìfojúrí ń gbé. Àwọn Àìfojúrí ni ẹ̀dá tó kéré débi pé odindi ìlú wọn lè jókòó sórí ìyẹ́ eṣinṣin kan, kí eṣinṣin náà má sì mọ̀ pé òun gbé èrò. Ilé wọn ni Odò Atura.

Áà, Odò Atura! Omi rẹ̀ tutù, kò sì ní ìtọ́wò kankan ju ti omi lọ. Igi ọ̀pọ̀tọ́ na ẹ̀ka bò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí oòrùn fi ní láti rọra yọ́ wọlé láàárín ewé bí ọmọ tó pẹ́ níta. Èso tó bá já bọ́ sínú omi, àwọn Àìfojúrí á yí i ká, wọ́n á jẹ, wọ́n á kọrin. Kò sẹ́ni tó ń ti ilẹ̀kùn, nítorí kò sẹ́ni tó ní ilẹ̀kùn.

Lábẹ́ gbòǹgbò ọ̀pọ̀tọ́ tó dàgbà jù ni ilé Yèyé Ládùn wà. Òun ni obìnrin tó dàgbà jù nínú wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa se adùn. Yóò fún omi èso ọ̀pọ̀tọ́ sínú ìkòkò, yóò sè é títí yóò fi ki, tí yóò sì mọ́ bí ìrì. Nígbà tó bá ń sè é, òórùn rẹ̀ a máa gba gbogbo odò kan. Àwọn tó wà lókè odò á sì sọ pé, “Yèyé ti gbé ìkòkò kaná.”

Bíńtín ni orúkọ ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Bíńtín kì í fi ẹ̀gbẹ́ Yèyé sílẹ̀. Òun ló ń fẹ́ná, òun ló ń ro ìkòkò, òun náà ló sì ń lá orógùn nígbà tí Yèyé bá ṣe bí ẹni pé òun ò rí i. Bí ẹ bá bi í nígbà náà pé níbo ni ayé parí sí, yóò na ọwọ́ sí ìdí ìkòkò Yèyé.

Wàhálà kan ṣoṣo tí àwọn Àìfojúrí ní ni pé wọ́n ń yára pọ̀. Bí o bá kí ẹnì kan láàárọ̀, àwọn méjì ni yóò dá ọ lóhùn nírọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, odò kún àkúnya. Ẹni tó fẹ́ na apá ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ aládùúgbò. Lọ́jọ́ kan, wọ́n jà nítorí èso kan tó ti jẹrà, ìjà náà sì le tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi rú, tí àwọn ẹja fi ń bi ara wọn pé kí ló dé.

Àwọn àgbà bá pe ìpàdé. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ kan ní láti ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ odò, kí wọ́n lọ tẹ ibòmíràn dó. Ilé Yèyé Ládùn ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Kánjú, ẹ̀gbọ́n Bíńtín, ni wọ́n fi ṣe olórí ìrìn àjò náà. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ìwà rẹ̀ fún yín, n kò ní tún un sọ. Wọ́n ní kí Bíńtín náà máa bá wọn lọ.

Àṣà kan ń bẹ tí wọn kì í fi ṣeré ní Odò Atura. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kúrò nílé, àgbà obìnrin ilé ni yóò fi adùn sí i lẹ́nu. Yóò wá sọ fún un pé, “Gbé e mì, ṣùgbọ́n má jẹ ẹ́. Pa á mọ́ sínú. Oúnjẹ kọ́, ilé ni.”

Yèyé Ládùn fi adùn sí wọn lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Kánjú, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìwúlò ohun tí a gbé mì tí a kò jẹ?”

Yèyé ń bu tirẹ̀ nínú ìkòkò. “Ọmọ mi, n kò mọ̀. Bí ìyá mi ṣe fi fún mi nìyẹn. N kò bi í léèrè.”

“Ẹ ò bi wọ́n léèrè?”

“Ìyá mi ló fún mi, Kánjú. Kí ni mo fẹ́ bi í?”

Bíńtín ló gbẹ̀yìn. Ìkòkò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Yèyé fi ìka ha ìdí rẹ̀ yíká, ó kó gbogbo èyí tó kù jọ, ó fi sí Bíńtín lẹ́nu. Ó di ojú ọmọ náà mú, ó wò ó pẹ́.

“Bí àárò bá ń sọ ọ́,” ó ní, “má sunkún jù. Èmi náà ń bẹ níbẹ̀ yẹn.” Ó sì fi ọwọ́ kan ikùn ọmọ náà.

Adùn kún ẹnu Bíńtín. Ó gbé e mì. Bí wọ́n ti ń ṣàn lọ, ó ń bojú wẹ̀yìn títí gbòǹgbò ọ̀pọ̀tọ́ náà fi di ohun tí kò hàn mọ́.

Odò gbé wọn lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ń kọrin. Nígbà tó yá, èso tán lójú omi, igi tán létí odò, ebi sì dé. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Kánjú fọwọ́ pa ikùn.

“Adùn tó wà nínú mi yìí,” ó ní, “kò kúkú lè lọ rojọ́ fún Yèyé.” Ó bá jẹ ẹ́.

Àwọn yòókù wò ó. Ó ń pọ́n ẹnu lá, ojú rẹ̀ sì ti ń dán. Ẹnì kan tẹ̀lé e, ẹlòmíràn tún tẹ̀lé e, gbogbo wọn bá jẹ adùn wọn tán. Bíńtín nìkan ni kò jẹ. Kì í ṣe pé ebi ò pa á o, ikùn rẹ̀ ń kígbe ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tó bá fẹ́ jẹ ẹ́, ìka Yèyé tó ń ha ìdí ìkòkò ló ń rí. Ó bá ń fi orin tan ebi:

Yèyé mi, odò mi dà?
Adùn ń bẹ nínú mi.
Mo jìnnà sílé, ilé ò jìnnà sí mi,
Adùn ń bẹ nínú mi.

“Kọrin lọ,” ni Kánjú wí. “Orin kì í yó ni.”

Wọ́n dé ẹnu odò, níbi tí omi odò àti omi òkun ti ń pàdé. Igi ẹ̀gbà pọ̀ níbẹ̀, àwọn igi tó fi gbòǹgbò dúró nínú ẹrẹ̀ bí ẹni tó ká aṣọ sókè tó fẹ́ la omi kọjá. Ibẹ̀ kò ṣeé gbé. Bí omi bá kún, ó ń gbá wọn sókè, bí ó bá fà, ó ń wọ́ wọn lọ. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ sì ń ya ẹnu gbé wọn mì láìsí pé wọ́n tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn jẹun. Iye wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù.

Akàn ń gbé láàárín gbòǹgbò ẹ̀gbà. Ó mọ ojú ọ̀nà gbogbo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló fi ń rìn ín. Àánú wọn ṣe é.

“Adágún kan ń bẹ lẹ́yìn iyanrìn yẹn,” ó ní. “Òkun ló dà á síbẹ̀ tó gbàgbé láti padà wá kó o. Kò sí ẹja níbẹ̀. Kò sí ìgbì. Ṣùgbọ́n Iyọ̀ ló ni ibẹ̀, n kò sì tíì rí àlejò tó wọ ilé rẹ̀ tó jáde.”

“Kò sí ẹja?” ni Kánjú wí. Kò gbọ́ ìyókù. Ó ní kí Akàn gbé wọn débẹ̀.

Adágún náà fẹ̀, ó mọ́lẹ̀ yòò, kò sí ẹ̀dá kan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo fífún ara wọn pọ̀ ní Odò Atura, àyè tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ dàbí àlá lójú wọn. Kánjú bẹ́ sínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ohùn kan tó gbẹ táútáú jáde láti ìsàlẹ̀. “Ta nìyẹn?”

“Àlejò ni, Bàbá.”

“Ẹ káàbọ̀. Omi dà?”

Ẹ wo ohun tó burú. Níbòmíràn, onílé ló ń fún àlejò lómi. Nílé Iyọ̀, àlejò ló ń fún onílé. Kì í ṣe ìkà ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a, ibi tí omi bá sì wà, ńṣe ni omi náà ń rìn lọ bá a. Kí Kánjú tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, omi inú rẹ̀ ti ń jáde. Ó súnkì, bí ìgbín tí wọ́n bu iyọ̀ lù. Díẹ̀ ló kù kó kú kó tó wọ́ ara rẹ̀ dé etí adágún.

Ẹlòmíràn ìbá gba kámú. Kánjú jókòó, ó mí, ó ronú, ìrònú rẹ̀ náà sì yára bí ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Mo ti mọ̀ ọ́n,” ó ní. “Iyọ̀ ń fa omi mi nítorí pé kò sí iyọ̀ nínú mi. Èmi náà á mu iyọ̀ yó. Bí inú bá bá òde dọ́gba, kí ni yóò tún máa fà?”

“Ẹ̀gbọ́n Kánjú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀,” ni Bíńtín wí.

Kánjú ti mu ún. Ó mu iyọ̀ títí ikùn rẹ̀ fi le, ó sì tún bẹ́ sínú adágún. Lóòótọ́, omi rẹ̀ kò sá jáde mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dì, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara wọn, kò sí èyí tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ẹnu rẹ̀ wúwo. Apá rẹ̀ kọ̀. Ó ń rì lọ sí ìsàlẹ̀ láìlè pariwo. Mo gbọ́ pé àwọn Àìfojúrí kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń mu iyọ̀ gbé nígbà tó yá, ìtàn tiwọn nìyẹn. Kánjú kò kọ́ ọ lọ́jọ́ náà.

“Bàbá Akàn, ẹ gbà á!” ni wọ́n ń ké.

Akàn na ọwọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tóbi jù. Kì í lè mú ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀.

Bíńtín kò rò ó. Ó bẹ́ sínú adágún.

Iyọ̀ gbá a mọ́ra lọ́tùn-ún lósì. “Ẹ káàbọ̀. Omi dà?” Ó fà. Bíńtín rò pé òun náà ti kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ rọ̀ mọ́ adùn Yèyé bí ọmọ ṣe ń rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, kò sì jáde. Adùn náà kò bá ohunkóhun jà nínú rẹ̀. Kò mú nǹkan kan dì, kò dí nǹkan kan lọ́wọ́. Ó kàn jókòó jẹ́ẹ́, ó di omi mú.

Iyọ̀ tún fà. Ó yà á lẹ́nu.

“Ọmọ, kí ló wà nínú rẹ?”

“Adùn ilé wa ni, Bàbá.” Bíńtín ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì dì í mú. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a sílẹ̀.”

“Èmi kò mú un. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ló mú un. Bí o bá bù fún un nínú tìrẹ, yóò yè.” Ohùn Iyọ̀ wá yí padà. “Láti ìgbà tí mo ti wà níhìn-ín, kò sẹ́ni tó bá mi gbé rí. Ẹ lè dúró tì mí. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kí o má baà ní mo tàn ọ́. Ẹni tó bá ń bá mi gbé, adùn púpọ̀ ni yóò máa kó sínú nítorí mi. Èmi yóò mọ́ ọn lára. Omi tí kò ní iyọ̀ kò ní lè gbà á mọ́. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Bàbá.”

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó wọn ọ̀rọ̀ wò nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kú lọ lọ́wọ́ rẹ̀? Ó fi ẹnu kan ẹnu Kánjú, ó bù fún un nínú adùn Yèyé. Ara Kánjú rọ̀. Ó la ojú. Ó pọ iyọ̀ tó mu, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ há láti ọjọ́ náà, kò sì pariwo mọ́ títí ayé rẹ̀.

Bíńtín bù fún gbogbo àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, bí Yèyé ti ṣe é. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi díẹ̀ náà se púpọ̀, nítorí ó ti ro ìkòkò yẹn láti kékeré. Wọ́n wọ inú adágún, wọ́n sì yè. Oòrùn ibẹ̀ kò ní ewé tó dí i lójú, ó ń jó wọn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi osùn pa ara kí ó má baà bó wọn láwọ̀. Wọ́n ń pọ̀ sí i. Adágún tó mọ́ gaara tẹ́lẹ̀ ń pọ́n díẹ̀díẹ̀.

Inú Iyọ̀ dùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó ń gbọ́ ariwo ọmọdé nínú ilé.

Bíńtín nìkan ni inú rẹ̀ kì í dùn tán. Ọwọ́ rẹ̀ á máa ro adùn, ọkàn rẹ̀ á wà lábẹ́ gbòǹgbò ọ̀pọ̀tọ́. Ó di Yèyé fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sínú iyọ̀ sì ń yí i ká.

“Yèyé Bíńtín,” ni wọ́n á wí, “báwo ni omi tí kò ní iyọ̀ ṣe rí?”

“Ó tutù.”

“Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?”

Yóò wá ọ̀rọ̀, wá ọ̀rọ̀. “Kò jọ nǹkan kan,” ni yóò wí níkẹyìn. Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ohun tí kò jọ nǹkan kan ni Yèyé ń tìtorí rẹ̀ ronú. Wọ́n á sáré lọ ṣeré, Bíńtín á sì máa kọ orin rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan, Akàn fẹ̀gbẹ́ rìn wá sí etí adágún.

“Bíńtín, mo rí arúgbó kan ní ẹnu odò. Ó ṣàn wá láti òkè. Ìdí gbòǹgbò ẹ̀gbà ló jókòó sí, ó kọjú sí òkun. Ẹni tó bá kọjá, ó ń bi í bóyá ó mọ ọmọ kan tó máa ń lá orógùn.”

Bíńtín bú sẹ́kún. Nígbà tó sunkún tán, ó ní òun ń lọ.

“Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé,” ó wí fún Iyọ̀. “Ẹ jẹ́ kí n lọ rí i, Bàbá.”

“Èmi kò dá ọ dúró,” ni Iyọ̀ wí. “Omi ibẹ̀ ni yóò bá ọ sọ̀rọ̀.”

Kánjú wọ́ sún mọ́ ọn. “Bá mi sọ fún Yèyé,” ó fi ohùn híhá rẹ̀ wí, “pé mo ti mọ ìwúlò rẹ̀ báyìí.”

Akàn bu omi adágún díẹ̀ sínú kòtò kékeré kan lẹ́yìn ìkarahun rẹ̀, Bíńtín wọ inú rẹ̀, Akàn sì mú ọ̀nà pọ̀n. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu odò, omi ti fà, omi odò ló borí. Bíńtín yọjú. Yèyé Ládùn rèé. Ó ti gbó, ó ti fúyẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò yí padà.

“Yèyé!”

“Ta nìyẹn? Bíńtín? Bíńtín mi!”

Bíńtín kò dúró gbọ́ ohun tí Akàn ń wí. Ó bẹ́ sínú omi odò.

Omi náà mọ̀ ọ́n. Omi ilé ni, ó ti ń wá a láti ọjọ́ yìí, ó sì sáré wá kí i. Gbogbo rẹ̀ ló fẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Adùn púpọ̀ tí Bíńtín ti kó sínú ń pe omi, omi sì ń jẹ́ ìpè náà. Ó wú. Awọ ara rẹ̀ ń fà, ó ń tín-ín-rín sí i. Ìgbà yẹn ló tó rántí ọ̀rọ̀ Iyọ̀, ó sì yé e. Omi yìí ló gbé e lọ sọ́nà jíjìn, omi yìí náà ló sì fẹ́ pa á lójú Yèyé.

“Ya ẹnu!” ni Yèyé kígbe. “Ya ẹnu, tú u sílẹ̀! Ọmọ mi, o fẹ́ bẹ́!”

Bíńtín ya ẹnu. Adùn ṣàn jáde, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ díẹ̀. Ó rọra gbé ara rẹ̀ sẹ́yìn, síbi tí omi òkun ti fẹnu ko ti odò, tí iyọ̀ ibẹ̀ kò pọ̀ tí kò sì tán. Ibẹ̀ ló ti lè mí. Yèyé wà lódìkejì, nínú omi odò. Òun náà kò lè sún mọ́ iwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí iyọ̀ ń ta á. Wọ́n ń wo ara wọn, ọwọ́ kò sì kan ọwọ́.

Adùn tó tú jáde bá omi lọ, ó sì dé ọ̀dọ̀ Yèyé. Yèyé tọ́ ọ wò.

“Ta ló sè é?”

“Èmi ni, Yèyé. Èyí tí ẹ ha nínú ìkòkò fún mi ni mo fi ṣe ìdí rẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí Iyọ̀ tó ń bi wá pé, ‘Omi dà?’ fa omi inú wa tán. Ẹ̀gbọ́n Kánjú ní kí n sọ fún yín pé òun ti mọ ìwúlò rẹ̀.”

Yèyé rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. “Ó ti pẹ́ kó tó mọ̀. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n ni.” Ó tún tọ́ ọ wò. “Mi ò rò pé mo tún lè tọ́ èyí wò kí n tó kú. Kò sẹ́ni tó ń sè é mọ́ ní Odò Atura, Bíńtín. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, n kò lè ro ìkòkò. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ní kí ni àwọn fẹ́ fi ṣe nínú omi tútù. Wọn kò jẹ̀bi. Odò kò ní iyọ̀.”

“Èmi á padà wá,” ni Bíńtín wí. “Èmi á tú gbogbo rẹ̀ dànù báyìí, màá ṣófo, màá sì wọlé wá bá yín. A ó tún gbé ìkòkò kaná. Yèyé, àárò yín pọ̀ lára mi jù. N kò fẹ́ iyọ̀ mọ́.”

Ó ya ẹnu láti tú u dànù tán.

“Pa ẹnu dé!”

Bíńtín pa ẹnu dé. Yèyé kò pariwo mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ rí.

“Bí o bá tú u tán, o lè wọlé wá, lóòótọ́ ni. Wàá jókòó tì mí títí n ó fi kú, kò sì ní pẹ́. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Nínú odò yìí, wàá gbàgbé rẹ̀ bí gbogbo wa ṣe ń gbàgbé rẹ̀, nítorí kò ní sí ohun tó ń rán ọ létí. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ yẹn, ojoojúmọ́ ni iyọ̀ yóò máa bi yín pé, ‘Omi dà?’ Ojoojúmọ́ lẹ ó sì máa sè é.” Ó di gbòǹgbò ẹ̀gbà mú. “Odò Atura tí o ń fẹ́ padà sí kò sí lẹ́yìn mi níbí, ọmọ mi. Ọ̀dọ̀ rẹ ló wà. Máa gbé e lọ.”

Bíńtín sunkún. Yèyé náà sunkún. Akàn yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ṣe bí ẹni tó ń wo iyanrìn.

Wọn kò kúrò níbẹ̀ títí omi òkun fi bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Yèyé sọ ẹni tó ti kú fún un, ó sọ ẹni tó bímọ, ó sọ pé ẹ̀ka ọ̀pọ̀tọ́ tí Bíńtín fẹ́ràn ti wó. Bíńtín náà sọ fún un nípa osùn, àti nípa àwọn ọmọ tí kò mọ bí omi ṣe ń tutù. Níkẹyìn, wọ́n jọ kọ orin náà. Yèyé ló ń dá a, Bíńtín ló ń gbè é. Bí iyọ̀ ṣe ń gòkè, Yèyé ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń jìnnà, títí ó fi ku Bíńtín nìkan tó ń gberin.

Nígbà tó padà dé adágún, Iyọ̀ kò bi í ní nǹkan kan. Kò tilẹ̀ béèrè omi. Bíńtín pe àwọn ọmọ jọ, ó ní kí wọ́n sún mọ́ ibi tí òun ti ń se adùn, ó sì fi orógùn lé èyí tó kéré jù nínú wọn lọ́wọ́. Ọmọ náà lá a. Bíńtín ṣe bí ẹni pé òun ò rí i.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn Àìfojúrí tó fẹ́ràn iyọ̀ ti ń pa adùn mọ́ sínú, kí iyọ̀ tó yí wọn ká má baà lè fa omi wọn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń ya ẹnu nígbà tí òjò bá rọ̀ sínú adágún, tí wọ́n á tú díẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n má baà bẹ́, tí òjò bá sì dá, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sè é. Osùn wọn ló ń mú kí omi iyọ̀ tó pẹ́ nínú oòrùn máa pọ́n. Wọn kò padà sí odò mọ́.

Ibi tí wọ́n bá mi dé nìyẹn tí mo fi yà sílé. Bí mo bá parọ́, kí ọbẹ̀ mi tẹ́ títí ọdún yóò fi yí po. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé etí adágún iyọ̀ kan lẹ́yìn òjò, tí ẹ bá rí i tó pọ́n, ẹ má da ẹsẹ̀ rú u. Àwọn kan ń bẹ níbẹ̀ tó ń tú adùn sílẹ̀ fún Yèyé wọn, bóyá omi á bá wọn gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.